Ọjọ́ Tí Muslimat Pe Àwọn Ọkọ Rẹ̀ Lórúkọ

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ìyàwó kan nílé Onífìlà pe àwọn ọkọ rẹ̀ lórúkọ ní gbangba, lábẹ́ òkè Màpó, lọ́sàn-án gangan, ẹ má bá a jiyàn. Ó ṣẹlẹ̀. Muslimat, ìyàwó Yẹ̀kínì, ló ṣe é. Ẹ má sì tíì bú u o, ẹ jẹ́ kí n rò ó tán ná.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé ilé onígéètì dàgbà, ẹ lè máa wò mí pé kí ló le nínú kéèyàn pe orúkọ. Ní agbo ilé Onífìlà ní Bẹ́yẹrúnkà, n'Íbàdàn, tí obìnrin bá délé ọkọ, gbogbo ẹni tí wọ́n bí sínú ilé náà ṣáájú ọjọ́ tó wọlé, ọkọ rẹ̀ ni. Ọkùnrin ni o, obìnrin ni o, ọmọ ọdún mẹ́ta tí ikun ń yọ nímú rẹ̀ ni o, ọkọ ni. Kò gbọdọ̀ pe ọ̀kankan nínú wọn lórúkọ. Á wò wọ́n lọ, á wò wọ́n bọ̀, á wá fún oníkálukú ní orúkọ ìfẹ́ tirẹ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n múra á di Gbajúmọ̀, ẹni tí eyín rẹ̀ funfun á di Eyínafẹ́. Ọ̀sẹ̀ kejì tí Muslimat wọlé, ó gbàgbé, ó pe Muhydeen, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ní Bọ̀dá Muhydeen. Páálí mínírà kan ni wọ́n ní kó fi tanràn. Gbogbo ilé mu ún tán lójú rẹ̀, wọ́n sì ṣàdúrà fún un pé ẹnu rẹ̀ ò ní ṣì í mọ́. Ọdún méjìdínlógún ti kọjá lórí ìyẹn, àdúrà náà sì gbà.

Ẹni tó pàṣẹ ìtanràn yẹn ni àbúrò bàbá ọkọ rẹ̀, obìnrin kan tó dúdú tó ń dán. Muslimat sọ ọ́ ní Adúmáadán, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára débi pé àwọn ìyàwó tó dé lẹ́yìn náà ò wá orúkọ mìíràn fún un. Mọlété ló ti lọ́kọ. Nígbà tí ọkọ kú, ó padà sílé bàbá rẹ̀, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń kóṣẹ́ sí fìlà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dé fìlà Adúmáadán rí, ẹ jẹ́rìí mi. Àwọn èèyàn máa ń ti Ìwó wá bá a, wọn á dúró kó parí ti ẹni tó wà ńlẹ̀.

Ẹnu rẹ̀ mú o! Kò sí ìyàwó ilé tí kò tíì bá wí. Ṣùgbọ́n òun náà ló gbé ọmọ Muslimat méjèèjì pọ̀n títí wọ́n fi rìn, òun ló sì máa ń jí i fún sààrì láwẹ̀ pẹ̀lú ọbẹ̀ gbígbóná lọ́wọ́. Muslimat fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ó ń bẹ̀rù rẹ̀ ni, ó sì fẹ́ràn rẹ̀.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni awọ funfun kan bẹ̀rẹ̀ sí í bo ẹyinjú Adúmáadán. Ó mú ti òsì, ó tún mú ti ọ̀tún. Bó ti gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀ nìyẹn. Òwú ni Muslimat ń tà ní Ọjà'ba, gbogbo àwọ̀ òwú tí Ọlọ́run dá ló wà nísọ̀ rẹ̀. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ tó bá délé, ìyá náà á ní kó gbé àpò òwú rẹ̀ wá. Á ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, á máa fi ìka tẹ òwú kọ̀ọ̀kan, á ní, "Ìyàwó, èwo nìyí?" Muslimat á ní, "Aró ni, Adúmáadán mi." "Eléyìí ńkọ́?" "Òféèfèé ni." Tí Muslimat bá wọ yàrá lẹ́yìn ìyẹn, kì í lè jẹun bọ̀rọ̀.

Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn ìjọba o, kí ẹ má baà ní a ò sọ. Wọ́n ní kó padà wá lóṣù mẹ́fà. Nígbà tí oṣù mẹ́fà pé, wọ́n ní ẹ̀rọ ti bàjẹ́. Ti aládàáni, iye tí wọ́n pè é, Yẹ̀kínì kàn dìde ni, ó dúpẹ́, ó sì wọ bàtà rẹ̀.

Ibi tọ́rọ̀ dé nìyí nígbà tí àwọn Àjọ Ojú Tuntun wọ agbo ilé náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló ṣáájú wọn, Ọpẹ́yẹmí lorúkọ rẹ̀. Èkó ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ló dàgbà sí, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí wọ́n ya ojú ńlá kan sí láyà. Ó ní àwọn ń la ojú arúgbó lọ́fẹ̀ẹ́.

Muhydeen, tó ń jẹ́ Gbajúmọ̀, tí irú awọ yẹn ti ń bo ojú òun náà, gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀. "Ìdìbò ti ń bọ̀ nìyẹn. Ẹgbẹ́ òṣèlú wo ni?"

"A kì í ṣe ti ìjọba, sà, a ò sì ṣe òṣèlú," ni Ọpẹ́yẹmí dáhùn. "Àjọ ni wá. Àwọn èèyàn ló ń dáwó jọ, àwọn dókítà ń yọ̀ǹda ara wọn lọ́jọ́ kan lóṣù, a wá ń gbé e kiri àdúgbò."

"Ẹ ò gba ìbò, ẹ ò gbowó," Adúmáadán sọ látorí ẹní rẹ̀. "Kí lẹ wá ń gbà?"

"Ẹ̀rín músẹ́, mà."

Ìyá náà ṣe ṣìọ̀, ṣùgbọ́n gbogbo wọn rí i pé ó fi ẹ̀gbẹ́ ìbòrùn bo ẹnu rẹ̀. Wọ́n gbà.

Àjọ náà ní ìlànà tiwọn. Nínú agbo ilé kọ̀ọ̀kan, wọ́n á mú ẹnì kan tó mọ̀wé, tí gbogbo ilé fọkàn tán. Ẹni yẹn ló máa dárúkọ àwọn tó nílò iṣẹ́ abẹ, òun ló máa fọwọ́ sí i pé òun mọ̀ wọ́n. Muslimat jáde ìwé mẹ́wàá, kò sì sí ẹni tó lè pè é lólè. Òun ni wọ́n mú. Ó jókòó sórí àga lọ́ọ̀dẹ̀, Ọpẹ́yẹmí gbé tábúlẹ́ẹ̀tì lé itan, gbogbo ilé sì yí wọn ká.

"Orúkọ ẹni àkọ́kọ́, mà?"

Muslimat wo Muhydeen tó jókòó ní ìgbésẹ̀ méjì sí i. "Gbajúmọ̀."

Ọpẹ́yẹmí tẹ̀ ẹ́. "Orúkọ bàbá wọn?"

"Sàláúdéènì ni gbogbo wọn."

"Ẹni kejì?"

"Eyínafẹ́." Sìdí, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ rẹ̀ nìyẹn, ó sì rẹ́rìn-ín kí wọ́n lè rí eyín náà.

"Ẹni kẹta?"

"Adúmáadán."

Ta ló fẹ́ já a ní koro? Oníkálukú gbọ́ orúkọ tó ń dáhùn sí lójoojúmọ́. Ọmọ Èkó yẹn ní tirẹ̀, ó rò pé bí wọ́n ṣe ń jẹ́ orúkọ n'Íbàdàn nìyẹn, ó tiẹ̀ ní Eyínafẹ́ dùn ún gbọ́. Muslimat fọwọ́ sí i ní ìsàlẹ̀, wọ́n bu omi fún àlejò mu, ó sì tán.

Lọ́jọ́ tí dókítà yẹ ojú wọn wò, ó fi iná kékeré wo ti Adúmáadán pẹ́. Ó fa Muslimat sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ojú òsì Màmá ti kọjá àtúnṣe. A lè là ti ọ̀tún. Àmọ́ kó má kọjá àsìkò yìí o. Tó bá fi máa di ọdún tó ń bọ̀ tá a tún padà wá, mi ò lè ṣèlérí kankan." Muslimat ò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni nílé. Ó gbé e sínú, ó ń gbé e kiri Ọjà'ba.

Ọjọ́ iṣẹ́ abẹ pé. Bọ́ọ̀sì funfun ńlá kan, tí wọ́n sọ inú rẹ̀ di yàrá iṣẹ́ abẹ, dúró sí pápá ilé-ìwé kan lábẹ́ òkè Màpó. Wọ́n ta àtíbàbà, wọ́n to bẹ́ǹṣì. Ènìyàn ogún ni dókítà lè ṣe fún. Àwọn mẹ́wàá mìíràn jókòó lápá kejì, wọ́n ń retí bóyá àyè á ṣí. Nọ́ọ̀sì Títílayọ̀, olórí àwọn nọ́ọ̀sì, jókòó sídìí tábìlì, ó ń fi káàdì àjọ wé ìwé NIN oníkálukú. Obìnrin náà lè tú àṣírí ejò nínú koríko.

Ó gbé káàdì Muhydeen. Ó gbé NIN rẹ̀. Ó tún gbé káàdì.

"Bàbá, ta ni Gbajúmọ̀ Sàláúdéènì?"

"Èmi ni."

"Ta ni Muhydeen?"

"Èmi náà ni."

Ó gbé ti Sìdí. Ó gbé ti Adúmáadán. Ó wá yọ jígí ojú rẹ̀. "Ọpẹ́yẹmí!"

Ọmọ náà sáré dé. Nígbà tí wọ́n là á yé e, ó gbé ọwọ́ lérí. "Háà! Mo rò pé orúkọ wọn ni, mà! Mo tiẹ̀ ti sọ fún ìyá mi pé màá sọ ọmọ mi ní Eyínafẹ́!"

Títílayọ̀ gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí wọ́n má baà rí i pé ẹ̀rín fẹ́ pa á. Òun náà ìyàwó ilé ni, ó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó padà yíjú sí wọn, ojú rẹ̀ ti le. "Ẹ máa bínú. Orúkọ tí ò bá bára mu, a ò gbọdọ̀ gbé e wọ bọ́ọ̀sì. Níbi tá a ti ṣe é sẹ́yìn, àwọn kan fi káàdì ẹlòmíràn wọlé, àwọn tá a kọ orúkọ wọn sì jókòó sílé tí ojú wọn fọ́. A ti búra fún àwọn tó ń dáwó fún wa pé kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Agogo kan la máa ti ìwé. Àyè tó bá ṣófo, àwọn tó wà lọ́hùn-ún ló ni ín."

Agogo méjìlá àbọ̀ ti lù. Muslimat sún mọ́ tábìlì. "Ẹ gbà wá o, nọ́ọ̀sì. Èmi ni mo jẹ̀bi, ẹ má fìyà jẹ wọ́n."

"Ọ̀nà kan ló wà," ni Títílayọ̀ wí. "Ẹni tó fọwọ́ sí ìwé á dúró níwájú fóònù yìí, á tọ́ka sí oníkálukú, á pe orúkọ inú káàdì àti orúkọ gidi, pé ẹnì kan náà ni. Ẹnu rẹ̀ la gbọ́dọ̀ ti gbọ́ ọ. A kì í kọ ọ́ sílẹ̀, a kì í rán ẹlòmíràn."

Gbogbo ilé Onífìlà wo ara wọn lójú. Èmi kì í purọ́, ẹ̀rù ba Muslimat ju ìgbà tó ń rọbí lọ.

Muhydeen ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Pé kó pè mí lórúkọ? Kí n dúró síbí, kó pè é?" Ó wo bọ́ọ̀sì, ó wo àwọn mẹ́wàá tó ń retí àyè rẹ̀. Ó mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Pè é, jàre. Àmọ́ má pariwo."

Muslimat kúnlẹ̀. Ó fi ìbòrùn bojú dé imú. "Ẹ má bínú, ọkọ mi. Àwọn ni Gbajúmọ̀. Orúkọ wọn gan-an ni... orúkọ wọn ni Muhydeen."

Muhydeen fò bí ẹni tí ìjàlọ̀ ta. "Sùbúánálááhì! Ó pè é!" Sìdí ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ló bá kan òun náà. Nígbà tí Muslimat dé orí tirẹ̀, tó ní, "Eyínafẹ́ ni Sìdí," Sìdí fi ọwọ́ méjèèjì di etí, àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì kejì sì ń pàtẹ́wọ́. Títílayọ̀ alára ò lè mú un mọ́ra mọ́, ẹ̀rín bú yẹ̀ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Ó wá ku Adúmáadán.

Ìyá náà ti dìde. Ó ń fi ọ̀pá wá ọ̀nà lórí koríko. "Ẹ mú mi lọ sílé. Èmi dàgbà ju ẹni tí ìyàwó máa pè lórúkọ lójú ayé. Ẹ gbé àyè mi fún ẹlòmíràn."

"Màmá, ojú yín ńkọ́?" ni Ọpẹ́yẹmí bẹ̀ ẹ́.

"Mo ti fi í ríran tó."

Muslimat sáré bá a, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ìyá náà rọ̀ mọ́ ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ pinpin. Adúmáadán tó ti ń pàṣẹ fún gbogbo ilé láti bí ọdún wo, ó ń rọ̀ mọ́ni bí ọmọdé! Ìgbà yẹn ló yé Muslimat. Ọ̀bẹ ló ń dẹ́rù ba ìyá, ó wá fi ọ̀rọ̀ orúkọ bojú. Àánú rẹ̀ ṣe é débi tí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Adúmáadán mi, ẹ sọ fún mi. Kí ni?"

Ìyá náà tẹ orí sún mọ́ ọn. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Mo ṣì ń rí òjìji yín báyìí. Tó o bá ń kọjá, mo ń mọ̀ pé ìwọ ni, nítorí bí o ṣe ń rìn. Bí wọ́n bá là á, tí ìyẹn náà wá lọ ńkọ́?"

Ta ló lè búra fún èèyàn lórí irú èyí? Muslimat bojú wẹ̀yìn, ó rí Títílayọ̀ tó ń wo agogo ọwọ́ rẹ̀. Ó rántí ọ̀rọ̀ dókítà. Ló bá sọ ọ́ jáde, gbogbo rẹ̀ pátá, pé òsì ti lọ, pé ọ̀tún náà ò ní dúró de ọdún tó ń bọ̀, pé òjìji tó ń rí yẹn náà máa lọ bí wọn ò bá là á. Ó ní, "Mo mọ̀ ọ́n láti bí ọ̀sẹ̀ méjì, mi ò lè sọ. Ẹ bínú sí mi. Tẹ́ ẹ bá fẹ́, ẹ bínú sí mi títí tí mo fi máa kú. Àmọ́ ojú tó ń ríran ni kẹ́ ẹ fi máa bínú sí mi."

Kò dúró gba àṣẹ mọ́. Ó gba ìwé NIN lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, nítorí pé, ẹ gbọ́ o, ọdún méjìdínlógún tó ti wà nílé náà, kò mọ orúkọ ìyá náà rí. Ta ni ì bá sọ fún un? Ó fojú kà á, ó yíjú sí fóònù, ó sì kúnlẹ̀ sórí koríko.

"Àwọn ni Adúmáadán. Orúkọ wọn ni Kúbúrá. Kúbúrá Àṣàbí."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Muhydeen gbé ojú sílẹ̀. Adúmáadán dúró gbagidi. Lẹ́yìn náà ó ní, "Hẹ̀ẹ́ẹ̀n?" bí ọmọdébìnrin tí wọ́n pè láti ẹ̀yìnkùlé, tó ń bọ̀ wá jíṣẹ́.

Ó fi ọwọ́ kan ẹnu ara rẹ̀, ó yà á lẹ́nu pé òun ló dáhùn. Láti ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, bàbá Yẹ̀kínì, ti kú ní ogún ọdún sẹ́yìn, kí Muslimat tó wọlé, kò sí ẹnikẹ́ni láyé tó dàgbà tó láti pe orúkọ yẹn. Àwọn ọmọ ń pè é ní Màmá, àwọn ìyàwó ń pè é ní Adúmáadán, àwọn oníbàárà ń pè é ní Ìyá Onífìlà. Kúbúrá Àṣàbí ti dákẹ́ láti ìgbà náà.

"Tún un pè," ó sọ fún Muslimat.

"Ó ti wọ inú fóònù, Màmá," ni Títílayọ̀ wí, "ó ti tó."

"Fóònù kọ́ ni mò ń bá wí."

Muslimat tún un pè. Ìyá náà nu ojú, ó na ọwọ́ sí i. "Ó dáa. Mú mi lọ bá wọn. Tó bá dùn mí, ìwọ ni màá bú o." Agogo kan ku ìṣẹ́jú mẹ́rin ni wọ́n gùn bọ́ọ̀sì. Muslimat jókòó sẹ́nu àtẹ̀gùn, ó ń ka tẹ̀sùbáà, kò mọ iye tó kà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n to àwọn ogún náà sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú báńdéèjì lójú. Dókítà ń tú u lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n tú ti Muhydeen, ohun tó kọ́kọ́ rí ni pé agbádá òun ti ṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní kí ló dé tẹ́nì kankan ò sọ fún òun. Nígbà tí wọ́n dé orí Kúbúrá Àṣàbí, Muslimat ti di ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì mú.

Báńdéèjì ṣí. Ìyá náà ṣẹ́jú. Ó tún ṣẹ́jú. Omi ń ṣàn lójú náà. Ó sún ojú mọ́ Muslimat, ó ń wò ó láti orí dé ọrùn.

"Ta ni obìnrin tó hewú yìí?"

"Èmi ni, mà! Muslimat ni!"

"Ìwọ? Ìyàwó kékeré tá a gbé wálé lánàá?" Ó di ojú rẹ̀ mú, ó ń yí i sọ́tùn-ún, sósì. "Àwa méjèèjì la jọ darúgbó, o ò sọ fún mi." Ló bá wo ìbòrùn tó wà lọ́rùn rẹ̀. "Aró. Etí rẹ̀ ni òféèfèé." Muslimat bú sẹ́kún, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń pe "Àlhàmdúlílááhì" mọ́ ọn. Ọpẹ́yẹmí náà yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń nu imú.

Títílayọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ fún oògùn tí wọn yóò máa kán sójú nílé. Oníkálukú ń dìde, ó ń lọ gbà á. "Sàláúdéènì Kúbúrá!" Ìyá náà jókòó. "Sàláúdéènì Kúbúrá Àṣàbí!" Ó jókòó síbẹ̀, ó ń wo òkè Màpó.

"Màmá, ẹ̀yin ni mò ń pè."

"Mo gbọ́. Ìyàwó mi ni kó pè é."

Gbogbo wọn yíjú sí Muslimat. Ojú tì í, ó ń rẹ́rìn-ín, ó gbé ọwọ́ bo ẹnu, ó sì gbé e kúrò.

"Kúbúrá Àṣàbí o!"

"Mo ń bọ̀!" ni Kúbúrá Àṣàbí wí. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, ó gba àárín pápá lọ síbi tábìlì, ẹnikẹ́ni ò dì í lọ́wọ́ mú.